Ọ̀pá Tó Kọjá Èjìká Bàbá Àgbà

Ìgbà tí a bá kú là ń dère. Ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ó ti korò tó títí di ọ̀sẹ̀ tí Bàbá Àgbà kú, tí àwọn ará ẹgbẹ́ họ́kì tí Bàbá Àgbà gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà ayé wọn wọ yàrá ìgbàlejò wa ní Ṣógúnlé. Wọ́n jókòó sórí àga tí ìdí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kàn rí. Olórí wọn, Alàgbà Ọlátẹ́jú, tẹ́ àsíá aláwọ̀ ewé kan sórí tábìlì. Ó ní àwọn fẹ́ fi í bo pósí, nítorí pé ọmọlúàbí pọ́ńbélé ni olóògbé, irú wọn ṣọ̀wọ́n, ẹgbẹ́ kò sì lè gbàgbé wọn láéláé.

Ẹgbẹ́ kò lè gbàgbé wọn! Nígbà tí ojú Bàbá Àgbà ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, ta ni nínú ẹgbẹ́ tó wá wò wọ́n? Nígbà tí ẹgbẹ́ ń ṣe àjọ̀dún, tí wọ́n ń pe àwọn eléré àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí aráyé lè pàtẹ́wọ́ fún wọn, ta ni wọn kò ránṣẹ́ pè? Mo wo ojú Ìyá Àgbà, opó wọn, bóyá wọn yóò fọhùn. Wọ́n kàn ní kí a fún àwọn àlejò ní omi.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹni tó bá ń wá ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú, kí ó lọ ka ara òkúta ibojì. Èmi fẹ́ kí ẹni tó bá gbọ́ ìyìn lẹ́nu àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ ohun tí ẹnu kan náà ti kọ́kọ́ sọ. Àgbà ni Ọlátẹ́jú, a sì kọ́ mi bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí mo bá ń wí "ó" níbi tó yẹ kí n wí "wọ́n", kí ẹ fi jì mí títí ẹ ó fi ka ọ̀rọ̀ yìí tán.

Fílípì Ọdúnúgà ni Bàbá Àgbà ń jẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, fítà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sì ni wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìsọlọ̀. Lójú àwọn aládùúgbò, bàbá kúkurú kan tó máa ń gbé ọ̀pá káàkiri ni wọ́n. Ọ̀pá náà kì í ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà le ju tèmi lọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ó sì fẹ̀ pẹrẹsẹ bí omorógùn. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, Bàbá Àgbà a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn a ki àkísà bọ inú àdín, wọn a sì máa fi pa á lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́ bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun. Òórùn àdín yẹn ni ilé wa ń rùn. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn àdín lọ́jà, mo máa ń bojú wẹ̀yìn.

Ilé-ìwé ìjọ Àgùdà tí Bàbá Àgbà lọ ní Ìjẹ̀bú ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀. Fáàdà kan wà níbẹ̀ tó ti Áílándì wá, irun orí rẹ̀ pupa bí epo tuntun, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń pè é ní Fáàdà Elépo lẹ́yìn rẹ̀. Eré kan tí wọ́n ń pè ní họ́lìn ni eré ìlú rẹ̀. Ọ̀pá pẹrẹsẹ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré tó le bí ẹyin awó. Bọ́ọ̀lù náà a máa fò kọjá orí ènìyàn, ẹni tó bá lè gbé ọ̀pá ga láti gbá a lójú òfuurufú ni akọni. Fáàdà ti gbá a fún àgbègbè rẹ̀ kí ó tó di àlùfáà. Ó ti fẹ̀yìn tì nínú eré, ṣùgbọ́n eré kò fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀. Igi tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá nílùú wọn kò sí nílùú tiwa, ó wá rán àwọn ọmọ nígbó pé kí wọ́n wá igi tó le, tó sì lè tẹ̀ láìkán. Bàbá Àgbà ló mú igi ọsàn wá láti oko bàbá wọn. Wọ́n gé e níbi tí ẹsẹ̀ igi ti ń yà di gbòǹgbò, kí ó lè jẹ́ pé Ọlọ́run ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe àáké. Fáàdà fì í sọ́tùn-ún, ó fì í sósì, ó sì sọ gbólóhùn kan tí Bàbá Àgbà ń wí fún wa títí dọjọ́ alẹ́ wọn: "Gbé e ga bí agbára rẹ bá ti mọ, Fílípì. Má ṣáà fi lu ènìyàn."

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ Fáàdà yìí ló kọ́kọ́ kó bá wọn ní Èkó. Họ́lìn kò sí ní Èkó. Họ́kì ni ẹgbẹ́ eléré ilé-iṣẹ́ ń gbá. Ọ̀pá ni, bọ́ọ̀lù ni, àmọ́ òfin họ́kì ìgbà náà ni pé ọ̀pá kò gbọdọ̀ kọjá èjìká ẹni tó ń gbá a. Ọwọ́ Bàbá Àgbà mọ òfin nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà nílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti fò báyìí, ọwọ́ a gbàgbé. Fèrè rẹfirí a dún. Àwọn òǹwòran sọ wọ́n ní Ọ̀págòkè. Ìgbà mìíràn wà tí bọ́ọ̀lù kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tí àwọn òǹwòran ti ń kìlọ̀ fún rẹfirí pé kí ó di fèrè rẹ̀ mú, Ọ̀págòkè ti ń wojú sánmà. Bàbá Àgbà kì í bínú sí i. Wọn a kọjú sí àwọn òǹwòran, wọn a ní: "Èmi ni Ìjẹ̀bú bí. Apá mi ni Áílándì bí."

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó tó wọn nínú ikọ̀ náà. Wọ́n ṣojú Ìpínlẹ̀ Èkó. Mo mọ ẹnìkan tó jẹ́ pé nítorí àtiwo Bàbá Àgbà ló ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Òṣòdì wá sí Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ eré. Ìyá Àgbà ni.

Ẹ má rò pé èmi náà fẹ́ sọ wọ́n di ère. Ẹni tó bá ń fi gbogbo ara ṣòótọ́ ṣòroó bá gbé, Bàbá Àgbà sì ṣòroó bá gbé. Bí àwa ọmọọmọ bá ń ta lúdò pẹ̀lú wọn, tí ọmọ ayò wọn sì kù díẹ̀ kó wọlé, wọn a da dáìsì, yóò já sí ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an. Inú wa a bàjẹ́, a ó ti máa kó ọmọ ayò nílẹ̀. Wọn a wá ní kò kà, eteetí pátákó ni dáìsì dúró sí, ó fara ti igi. Inú wa a dùn. Ṣùgbọ́n bó bá di tiwa, tí dáìsì fara ti igi, wọn a ní kò kà. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún lọ́jọ́ kan, ó fẹjọ́ sùn pé Bàbá Àgbà kì í jẹ́ kí ènìyàn gbádùn. Bàbá Àgbà gbé e sórí ẹsẹ̀, wọ́n ní: "Bí o bá fi èrú jẹ ayò, ta ló jẹ ẹ́? Èrú ni."

Àní wọ́n fi òótọ́ yìí bá ara ilé jà. Nígbà tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ènìyàn máa ń wá ra ọ̀pá tí wọ́n gbẹ́. Ọkùnrin kan wá láti Àjàó Estate, òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ni, ó ti dé Áílándì rí. Ó rí ọ̀pá kan lára ògiri, ó ní irú rẹ̀ lòun rí lọ́hùn-ún, ó ní òun mọ igi yìí dáadáa, igi òyìnbó ni, òun yóò gbé e kọ́ sí pálọ̀ òun kí àwọn ọ̀rẹ́ òun lè mọ ibi tí òun dé. Ìyá Àgbà ti ń wá ìwé ìròyìn tí wọn yóò fi dì í fún un. Bàbá Àgbà ní kí ó tún un wò, igi ọsàn ni, ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìjẹ̀bú ló ti wá. Ojú ọkùnrin náà fàro. Ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá mọ́. Ìyá Àgbà ju ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n sì bi ọkọ wọn ní ìbéèrè kan péré: "Bàbá Dẹ̀lé, ta ló bi yín?"

Pápá tí Bàbá Àgbà ti gbayì, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, ti di ibùdókọ̀ tirela báyìí. N kò mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé kò sí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ tó ń gbé àsíá káàkiri yìí tó la ẹnu. Bàbá Àgbà nìkan ló ṣì ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàrin táyà. Awakọ̀ kan pè wọ́n tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò rí i pé mọ́tò ti kún ibí yìí ni?" Bàbá Àgbà da ojú ọ̀pá dé ilẹ̀. "Mo rí mọ́tò," ni èsì wọn. "Ìwọ ni o ò rí pápá."

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí gbogbo èyí ń yí po.

Ìyá Àgbà ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, Sámúẹ̀lì, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sámù. Aṣọ́lé ni wọ́n nínú ikọ̀ họ́kì ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Ìsọlọ̀. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, wọn kò tíì bí mi, ikọ̀ tí Bàbá Àgbà wà àti ikọ̀ tí Bàbá Sámù ń ṣọ́lé fún ni wọ́n jọ dé àṣekágbá ìdíje àwọn ilé-iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tiwa kò gba ife ẹ̀yẹ náà rí. Ọlátẹ́jú ni balógun ikọ̀. Ìyá Àgbà wà lórí ìjókòó, Dẹ̀lé tó bí mi jókòó tì wọ́n. Ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì dọ́gba.

Eré ń lọ sópin, góòlù kọ̀ọ̀kan ni ikọ̀ méjèèjì ní. Bọ́ọ̀lù kan lọ bí ọta ìbọn, ó bá páàdì tí Bàbá Sámù fi bo ẹsẹ̀, ó sì fò sókè fíofío. Ẹni tó bá jẹ́ pé họ́kì nìkan ló kọ́ ìbá dúró kí ó balẹ̀. Apá tí Áílándì bí kò dúró. Ọ̀pá kọjá èjìká, ó kọjá orí, ó pàdé bọ́ọ̀lù lókè, bọ́ọ̀lù sì gba etí Bàbá Sámù wọlé. Àwọn eléré ti dí rẹfirí lójú. Ó fọn fèrè, ó nawọ́ sáàárín pápá: góòlù ni.

Àwọn èrò ya wọ inú pápá, wọ́n ń gbé ara wọn jù sókè. Bàbá Àgbà gba àárín wọn kọjá lọ bá rẹfirí, wọ́n sì sọ fún un pé ọ̀pá àwọn ti kọjá èjìká. Rẹfirí ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Góòlù di òfo. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ kejì, ikọ̀ kejì gba ẹ̀gbẹ́ pápá sáré lọ, wọ́n sì jẹ góòlù kí òógùn ayọ̀ tó gbẹ lára àwọn èrò tiwa.

Òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, Ọlátẹ́jú dìde, ó sì wí lójú gbogbo ikọ̀ pé Fílípì mọ ohun tí ó ń ṣe, àna rẹ̀ ló gbé ife fún. Ẹyin lohùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti gba ilé-iṣẹ́ kan, ó ti dé Ṣógúnlé. Wọ́n yọ Bàbá Àgbà kúrò nínú ikọ̀. Wọ́n yọ àwòrán wọn kúrò lára ògiri ilé ẹgbẹ́, ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ohun tó so mọ́ ọn. Orúkọ tí àwọn òǹwòran fún wọn, Ọ̀págòkè, orúkọ àwàdà ni. Èyí tí àwọn ará ẹgbẹ́ fún wọn lọ́jọ́ náà ni Bàbá Àna. Ọmọ kékeré ni mí tí ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí fi bi wọ́n lójú títì, tẹ̀ríntẹ̀rín, bóyá wọ́n ti kí àna wọn lónìí. Mo rò pé ìkíni ni. Mo dá a lóhùn pé a dúpẹ́.

Bàbá Sámù kò wá sílé wa mọ́. Kì í ṣe ìjà. Wọ́n ní bí ẹsẹ̀ àwọn bá tún tẹ ilé náà, àwọn ènìyàn yóò ní wọ́n wá dúpẹ́ ife ni. Nítorí náà wọn kò wá síbi ìsọmọlórúkọ, wọn kò wá síbi ìgbéyàwó bàbá mi, wọ́n sì kú lọ́nà jíjìn, nílùú wọn tí wọ́n kó padà sí. Ìyá Àgbà sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí a ń ṣa ẹ̀wà: "Bàbá àgbà rẹ pàdánù ife. Èmi ni mo pàdánù ẹ̀gbọ́n."

Mo bi Bàbá Àgbà, nígbà tí mo ti tó bi wọ́n, pé kí ló dé tí wọn kò dákẹ́, ṣebí rẹfirí kò rí i. Wọ́n ń pa ọ̀pá wọn ní àdín lọ́wọ́, wọn kò gbójú sókè. "Rẹfirí ò rí i, Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí. "Èmi wà níbẹ̀."

Ẹ wá padà sí yàrá ìgbàlejò wa, sọ́dọ̀ àwọn alásíá. Nígbà tí àwọn yòókù ń mu omi, Ìyá Àgbà pe Ọlátẹ́jú wọ ìyẹ̀wù, wọ́n sì ní kí n tẹ̀lé àwọn. Wọ́n bi í léèrè ibi tí ó dúró sí lọ́jọ́ náà, nígbà tí bọ́ọ̀lù fò. Ó ní ẹ̀yìn Fílípì gan-an ni. Wọ́n bi í pé kí ni ojú rẹ̀ rí. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun rí ọ̀pá nígbà tí ó gòkè. Inú ló ń bí òun, balógun ni òun, àwọn ènìyàn sì ń fẹ́ ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi wò ó! Láti ọjọ́ náà ni ó ti mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tí wọ́n ń tú àwòrán, ó mọ̀ nígbà tí Bàbá Sámù kú. Ìyá Àgbà kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní kí ó lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ó ti sọ ọ́ fún àwọn yìí, kí ọkọ àwọn tó wọ ilẹ̀. Ó fọwọ́ lé àyà, ó ní òun yóò sọ ọ́.

Kò sọ ọ́. Ó gun orí pẹpẹ, ó na ìwé rẹ̀, ó ka "ọmọlúàbí" àti "òpómúléró" àti "àpẹẹrẹ rere", ó wá sọ̀kalẹ̀, àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ dìde. Ọwọ́ Ìyá Àgbà mú mi lápá mọ́lẹ̀. Ọwọ́ kejì wọn di ọ̀pá igi ọsàn mú, èyí tí wọ́n ń fi ti ara láti ọjọ́ tí ọkọ wọn ti kú.

A dé itẹ́ òkú. Pósí wà lórí okùn, àlùfáà ti gbàdúrà. Ọlátẹ́jú ní kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tú àsíá, kí wọ́n tẹ́ ẹ. Ìyá Àgbà bọ́ síwájú. Wọ́n di ìdí ọ̀pá mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì gbé e sókè: ó dé àyà, ó dé èjìká, ó kọjá gèlè wọn. Ìyá tí a ń gbé sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́.

"Ọlátẹ́jú," ni Ìyá Àgbà wí, "níbo ni ọ̀pá yìí dé?"

Ó ní kí Ìyá Dẹ̀lé jọ̀wọ́, oòrùn ti ń mú, kí a jẹ́ kí ẹni ire sinmi.

"Mo ní, níbo ló dé?"

Ọkùnrin náà bọ́ fìlà. Mo gbọ́ ọ nítorí pé mo wà nítòsí. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò lè gbọ́ ọ. "Ó kọjá èjìká," ni ó wí. "Fílípì kò gbè sẹ́yìn àna rẹ̀. Mo rí i. Èmi náà wà níbẹ̀."

Mo rò pé ó tó. Mo na ọwọ́ láti gba ọ̀pá lọ́wọ́ Ìyá Àgbà kí ó má baà gbé wọn ṣubú. Wọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀, wọn kò sì wò mí. Ọlátẹ́jú ni wọ́n ń wò.

"Pariwo rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ibi tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi sí jìnnà."